Ẹ̀gbọ́n Sítẹ́ríò àti Abetí-Ajá Onírin

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n wa kan nílùú Ìbàdàn. Orúkọ wọn ń yún mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ jẹ ẹran Iléyá tọdún yìí nílé wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Sítẹ́ríò. Akọ̀wé kékeré ni wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ọba lọ́dún 1975, nígbà tí ìjọba san owó tí ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji dámọ̀ràn, tí wọ́n sì kó àjẹsílẹ̀ rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó òjijì ní ẹ̀mí tiẹ̀. Àwọn kan níbi iṣẹ́ wọn fi ra alùpùpù. Àwọn kan fi ra ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa fi tiwọn ra ámpílífáyà ará Jàpáàn, sípíkà méjì tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́rin, àti ẹ̀rọ tí ń yí àwo. Lónìí, àwọn tó ra ilẹ̀ ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé. Ẹ̀gbọ́n wa náà ní ayálégbé kan nínú pálọ̀. Ámpílífáyà ni, òun ló sì ń gba owó lọ́wọ́ onílé.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ńkọ́? N ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó bá bú ẹ̀rọ náà bú ìyá àwọn.

Ẹ ò ní tíì kí wọn tán tí ẹ bá wọ pálọ̀ yẹn tí wọ́n á fi ní, "Ẹ rọra o, ẹ má fẹsẹ̀ kọ wáyà." Iwájú ámpílífáyà náà ń dán bíi fàdákà, pákó ló yí i lára ká, kókó tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè tó àgbálùmọ̀. Wọ́n fi léèsì bò ó lórí nítorí eruku, ojúlówó léèsì, èyí tí Màmá, ìyàwó wọn, ti fẹ́ fi rán bùbá láti ayé Ṣàgàrí tí wọn ò fún un. Ọmọ-ọmọ wọn kan gbé ife omi lé e lórí rí. Ọmọ náà ti wà ní Kánádà báyìí, òun fúnra rẹ̀ ti bímọ, wọn ò tíì forí jì í. Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wọn, wọ́n á wo ojú Màmá. Ẹ bi wọ́n ní wáàtì tó ń jáde lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ parí ìbéèrè.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, aago mẹ́fà kò tíì lù, fóònù mi dún.

"Àbúrò, apá òsì ti kú."

Àyà mi já. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó bá pe èèyàn láàárọ̀ kùtù pé apá òsì ti kú, kí lẹ fẹ́ rò? Mo wọ ṣòkòtò sódì, mo kó gbogbo owó tó wà nílé dání nítorí ọsibítù, mo ń gbàdúrà Mùsùlùmí mo ń gbàdúrà Kìrìsìtẹ́nì bí mo ṣe ń lọ. Mo débẹ̀, mo bá Ẹ̀gbọ́n lórí àga, apá wọn méjèèjì pé pérépéré, wọ́n sì ń fi òsì náà gan-an nawọ́ sí sípíkà. "Láti ìgbà tí NẸ́PÀ ti dáná padà lálẹ́ àná," wọ́n ní, "kò fọhùn mọ́." Màmá yọjú láti ilé ìdáná. "Nígbà tí èmi rọ lápá lọ́dún ìjẹta, Panadol ni wọ́n ní kí n lò."

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rédíò. Ẹ má bi mí bá a ṣe gbé e. Èmi gbé iwájú, èmi náà gbé ẹ̀yìn, Ẹ̀gbọ́n gbé àṣẹ.

Ọ̀gá yìí ti ń jó òjé kí FESTAC ọdún 1977 tó dé. Ó tú ìdérí, ó fẹ́ eruku, aáyán méjì rìn jáde, ọ̀kan nínú wọn ti hewú. Ó wá tọ́ka fún wa. Lẹ́yìn ẹ̀rọ náà ni irin kan wà tó yọ ìhà bí ewúrẹ́ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, òun ni wọ́n fi ń gba ooru. Tìránsísítọ̀ mẹ́rin ló dè mọ́ ọn, méjì ti ọ̀tún, méjì ti òsì. Irin ni gbogbo ara wọn, wọ́n rí roboto láàárín, etí méjì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ihò ìdè sì wà létí kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó ń pe ìrísí yẹn ní TO-3. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti dé fìlà rí mọ̀ pé abetí-ajá ni.

Bíi tọkọtaya ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá ní: ọ̀kan ń ti ohùn, èkejì ń fà á, sípíkà ń mì láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá kú, kì í dá kú. Iná tó yẹ kó máa wọ̀n jáde díẹ̀díẹ̀ á gba ara òkú náà kọjá tààrà, á pa ẹnìkejì rẹ̀, á jó rẹ̀sísítọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, á tún ṣe àwọn kékeré tí ń gbé iṣẹ́ fún wọn léṣe. Òkú kan, ẹbí márùn-ún. Rílè kékeré kan báyìí ló gba sípíkà là: ó rí i pé iná irú ti bátìrì fẹ́ wọ ibẹ̀, ó já wáyà náà kúrò, kò sì padà mọ́. Ìdí nìyẹn tí apá òsì fi dákẹ́.

"Ta ló ń bo nǹkan lé e lórí?" ọ̀gá bi wá. Léèsì ti fi àmì òdòdó sílẹ̀ lórí ìdérí níbi tí eruku ti gbà á kọjá. "Ihò tí ẹ rí yìí, imú rẹ̀ ni. Bó bá ti ń gbóná tí kò rí imú mí, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka pákó àjà. Ogójì ọdún ó lé ni wọ́n fi bo ayanfẹ́ wọn nímú, tí wọ́n sì ń pè é ní ìtọ́jú! Màmá kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo pè é lórí fóònù kó lè gbọ́. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ṣòfò.

Ó wá ku ká ra abetí-ajá méjì. Ẹ̀gbọ́n na ìka: ohun tí wọ́n bá yọ ni kí wọ́n fi rọ́pò. Nọ́ńbà kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, bó bá ṣeé ṣe ọdún kan náà. Ọ̀gá ní ó ti pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà ti pa irú rẹ̀ tì, pé ti òde òní wà tó lágbára jù ú lọ, orúkọ lásán ló yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ojúlówó ni mo fẹ́." Lójú wọn, mo gbé ọ̀rọ̀ mì. Ẹ̀yìn wọn rèé, ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́: Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, eyín mẹ́ta iwájú tí ẹ fi pe ojúlówó yẹn, ṣé Ọlọ́run ló ṣe wọ́n àbí dókítà eyín?

Bí mo ṣe di ọdẹ pààtì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àwọn ará Jàpáàn ṣe ń sọ tìránsísítọ̀ lórúkọ. 2S ló ń ṣáájú. 2SA àti 2SB jẹ́ ẹ̀yà kan, 2SC àti 2SD jẹ́ ẹ̀yà kejì tí iná tiwọn ń gba òdìkejì. Ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ 2S náà sí i lára, C ni ẹ máa rí pẹ̀lú nọ́ńbà, bí a ṣe ń gé Olúwafẹ́mi kù sí Fẹ́mi. Ẹni tó bá fi D síbi tí B ń gbé, èéfín ló máa bá a dáhùn.

Mo lọ sí Alábà l'Ékòó, mo lọ sí ọjà méjì mìíràn. Èwo nínú wọn ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, ẹ má bi mí, mo ṣì ń ra nǹkan níbẹ̀. Mo dé ṣọ́ọ̀bù kan, mo pe nọ́ńbà wa. Kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ọmọkùnrin ibẹ̀ fi ní, "Ó wà!" Ara fu mí. Nọ́ńbà tí ọ̀gá ní wọ́n ti pa tì kí wọ́n tó bí ọmọ yìí? Mo bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, mo mú nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn fóònù ìyàwó mi, mo fi 2SC síwájú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà gbójú sókè, ó ronú díẹ̀ kó lè dà bí òótọ́. "Ó wà. Mélòó lẹ fẹ́? Ti Jàpáàn àbí ti Ṣáínà?" Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ń fi ojú ìfura wo ìyàwó mi.

Mo ra méjì lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Wọ́n ń dán, orúkọ wọn hàn ketekete, ó tún búra. Mo gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá bí ẹni gbé adé. Ọ̀gá kò wọ̀n ọ́n, kò fi mítà kàn án. Ó bu òwú, ó kán ásítóònù sí i, èyí tí àwọn obìnrin fi ń nu èékánná, ó fi ra á lórí lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ bọ́ sórí òwú. Abẹ́ orúkọ yẹn ni àpá ibi tí wọ́n ti ha orúkọ àkọ́kọ́ dànù wà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ má bínú, ẹ̀yin ni mo rántí. Tìránsísítọ̀ olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n mú, wọ́n ha ọjọ́ orí rẹ̀ dànù, wọ́n lọ búra fún un ní kóòtù, ó gba orúkọ tuntun, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ gidi fún un ni a máa mọ̀ pé kò lè gbé e.

Ọ̀gá ní kí n dúró. Ó fi ayùn irin gé fìlà ọ̀kan nínú wọn lórí. Ó gbé òkú ojúlówó kan tó ti gé tipẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ojúlówó, ègé sílíkọ̀n abẹ́ fìlà fẹ̀ dáadáa, ó gba àyè, nítorí òun gan-an ló ń ru iná, fìlà kàn ń bo orí ni. Nínú tèmi, ègé náà kò ju ẹyin iná orí lọ, ó dá jókòó sáàárín gbalasa irin bí èkúté tó dé fìlà ọba. Ẹ wo 2N3055 tí gbogbo ọ̀gá rédíò ilẹ̀ yìí mọ̀ bí ẹni mọ owó: ìwé rẹ̀ sọ pé ojúlówó lè gba ámpíà 15. Ọ̀gá ní àwọn kan wà nínú àwo òun tó jẹ́ pé bí ẹ bá pariwo mọ́ wọn, wọ́n á jó.

Kàpásítọ̀ náà ń ṣe irú rẹ̀. Ti inú ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n ti gbẹ, omi inú wọn ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ooru sì ti fa á tán. Ojúlówó tuntun, irú ti Nichicon tàbí Rubycon, sábà máa ń kéré sí ti àtijọ́ bí agbára wọn tilẹ̀ dọ́gba, nítorí ọgbọ́n ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún àgbàlagbà. Ẹ̀gbọ́n wo kékeré náà, wọ́n ní, "Èyí tí kò tó àtàǹpàkò mi?" Nítorí irú wọn ni àwọn jàgùdà ṣe ń ti kàpásítọ̀ kékeré bọ inú agolo ńlá. Ẹ tú u wò, ẹ máa bá ọmọ kékeré lórí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀.

"Ẹ má sunkún," ọ̀gá sọ fún Ẹ̀gbọ́n, "ti ẹlòmíràn burú jù." Ó sọ ti àwọn tó ní ámpílífáyà Sony ti ayé 1970 sí 1979 tó ń lo tìránsísítọ̀ tí wọ́n ń pè ní V-FET. Ìyẹn kò ní àrọ́pò. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan àfi kó ra odidi ẹ̀rọ tó ti kú, kó tú u, kó máa bẹ Ọlọ́run pé èyí tó kù nínú rẹ̀ ṣì ń mí. Odidi màlúù nítorí ẹ̀dọ̀. Mo rò pé ẹ̀rù máa ba Ẹ̀gbọ́n. Áà! Ojú wọn là. Wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìkejì ẹ̀rọ wọn dé láti Houston, ọmọ wọn ló rà á. Iwájú rẹ̀ ti fọ́, inú rẹ̀ pé, abetí-ajá mẹ́rin ojúlówó, nọ́ńbà kan náà. Owó ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ nìkan, Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ pa á lórí. Wọ́n ní ká gbé e lọ fún ọ̀gá kó tú u. Ẹnìkan wá dìde nínú pálọ̀ yẹn, ẹnìkan tó ka ìwé, tó ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, ó ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná. Ó ti í bọ iná.

Èmi ni.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ní lẹ́tà tó tóbi tó ti ojú ọ̀nà mọ́tò, wọ́n kọ 120V síbẹ̀. Fọ́ltì 120 ni iná Amẹ́ríkà, 100 ni ti Jàpáàn, ti àwa jẹ́ 230, lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ kan ní ibi tí wọ́n ti ń yí i lẹ́yìn kó lè bá ilẹ̀ tó bá dé mu. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà yìí kò ní. Ó fọhùn lẹ́ẹ̀kan péré: "Púù!" Òórùn ẹja tó jó gba pálọ̀. Nígbà tí ọ̀gá máa fi mítà kàn wọ́n, abetí-ajá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a tìtorí wọn gba òkun kọjá, ló ti lọ. Ẹ̀gbọ́n kò bú mi. Wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni tó gbé ife omi lé nǹkan lórí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa Kánádà.

Nígbà yẹn ni ẹnu ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ tólẹ̀. Ó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní: MJ21193 àti MJ21194, ti onsemi, tó jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Motorola. Fọ́ltì 250, ámpíà 16, wáàtì 250, ẹsẹ̀ kan náà, fìlà abetí-ajá kan náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní London rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí, mẹ́fà, nítorí ọ̀gá ní bí a bá rọ́pò ti òsì a gbọ́dọ̀ rọ́pò ti ọ̀tún, kí ìyàwó kan má wọ tuntun kí èkejì wọ àkísà. Méjì ni ti ìgbà ìpọ́njú. Wọ́n wá nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, nínú báàgì ẹni tó ń bọ̀ wá ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n gbé wọn wo lọ́wọ́. "Nọ́ńbà wọn yàtọ̀," wọ́n ní. Ọ̀gá kò dáhùn. Ó ti gbé irin tí ń gbóná.

Mo fẹ́ràn láti máa wo ẹni tó mọṣẹ́. Ó fi ẹ̀mú gbé awẹ́ máíkà kan, tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà, ó fi ìpara funfun bí òrí pa á nínú àti lẹ́yìn, ó tẹ́ ẹ sáàárín fìlà àti irin tí ń gba ooru. Ooru gbọ́dọ̀ kọjá níbẹ̀, iná kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹni tó bá gbàgbé awẹ́ yẹn á padà lọ sọ́jà. Ó dè é, ó fi mítà wádìí bóyá ó ṣe ara kan irin, ó tún wádìí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò sì ti í bọ iná lásán bí àwọn akọ̀wé kan. Gílóòbù wáàtì 60 kan ló máa ń so sọ́nà iná kó tó gbé e wọ ẹ̀rọ: bí wàhálà bá wà nínú, gílóòbù á tàn yòò, òun ló máa gba ìyà náà, bí kò bá sí, á tàn wàrà, á sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n gílóòbù onífọ́nrán ti àtijọ́ nìkan ló ń ṣe é, ti LED kò wúlò. Tiẹ̀ ti jó lọ́sẹ̀ yẹn. A wá gílóòbù káàkiri Ìbàdàn fún ọjọ́ méjì gbáko, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní LED ló kù. Ohun tí a fẹ́ fi dán pààtì wò ti di pààtì tí a ń wá kiri! Ibi tí a ti rí i? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé.

Gílóòbù tàn, ó rọlẹ̀. Gbogbo wa mí. Ọ̀gá yí sìkúrù kékeré kan, ojú rẹ̀ wà lára mítà, ó ń ka mílífọ́ltì lórí rẹ̀sísítọ̀, ó dúró kó gbóná, ó tún un yí. Ìdajì wákàtí. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi bàbá ìkókó.

Lọ́jọ́ Sátidé a gbé e padà sí pálọ̀. Kò sí léèsì lórí rẹ̀ mọ́. Màmá ti gbé e fún télọ̀ kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rédíò tó tutù, bùbá náà ló wọ̀ jókòó. Ẹ̀gbọ́n gbé àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá lé e. Agogo dún lápá ọ̀tún, ìlù dáhùn lápá òsì, mo sì jẹ́wọ́, irun ọrùn mi dìde. Kì í ṣe ariwo. Ẹ lè tọ́ka sí ibi tí onílù kọ̀ọ̀kan jókòó sí nínú pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n pajú dé. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún," wọ́n ní, "ojúlówó ni." N kò sọ fún wọn pé gbogbo ohun tó ń gbé ohùn náà jáde ló jẹ́ ọmọ ìbọ̀sẹ̀. Màmá jó díẹ̀, pẹ̀lú bùbá.

Ọ̀sẹ̀ kejì, aago mẹ́fà kò tíì lù, fóònù mi dún.

"Àbúrò, abẹ́rẹ́ ti tẹ̀."

"Abẹ́rẹ́ kẹ̀? Ẹ ò pe nọ́ọ̀sì."

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo! Ó ní nọ́ńbà kan. Gbé bírò."

"Ẹ̀gbọ́n, télọ̀ Màmá ní abẹ́rẹ́ dáadáa."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n bo ẹnu fóònù, tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá télọ̀ náà máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kùtù.